Àgọ́ Ta Ni? Ọ̀rọ̀ lórí Yíyan Àgọ́ Kánfáàsì fún Eré Ìrántí Ogun

 Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn tí àgbà ń wò yìí ni à ń pè ní ìtàn. Ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà wo ẹ̀yìn kò sì jẹ́ ọ̀kan náà káàkiri ayé. Àwọn kan ń fi orin wò ó, àwọn kan ń fi ìwé wò ó, àwọn mìíràn ń fi ọdún ìbílẹ̀ wò ó. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ara wọn wò ó. Wọn a wọ aṣọ ogun ayé àtijọ́, wọn a gbé ìbọn ayé àtijọ́, wọn a sì kó lọ sí pápá láti gbé ibẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí àwọn jagunjagun ti ṣe ń gbé nígbà náà. Eré ìrántí ogun ni a ó máa pe ìṣe yìí. Àwọn tí ń ṣe é ni a ó sì máa pè ní òṣèré ìrántí. Ohun kan ṣoṣo nínú ìṣe wọn ni ọ̀rọ̀ òní dá lé lórí, èyíinì ni àgọ́ kánfáàsì tí wọ́n ń sùn sí.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni ó wà nínú àgọ́ tí a ó fi jókòó sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ṣebí aṣọ ni, igi ni, okùn sì ni? Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lọ sí ibi eré ìrántí, ohun tí yóò kọ́kọ́ rí lókèèrè, kí ó tó rí aṣọ tàbí ìbọn, ni àgọ́. Ogun àfiṣeré kì í sábà ju wákàtí mélòó kan lọ. Àgọ́ a máa wà ní ìnàró tọ̀sán-tòru. Inú ibùdó ni àwọn ọmọ iléèwé ti ń ya sọ́dọ̀ àwọn òṣèré láti bi wọ́n ní ìbéèrè. Nítorí náà, bí àgọ́ bá purọ́, gbogbo ìyókù, bí ó ti wù kí ó dára tó, yóò bá a pín nínú irọ́ náà. Ìdí nìyí tí yíyan àgọ́ fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtàn kí ó tó di ọ̀rọ̀ owó.

Ogun tí wọ́n ń rántí jù ní Amẹ́ríkà ni Ogun Abẹ́lé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1861, tí ó sì parí ní 1865. Àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù ya ara wọn sọ́tọ̀ kí agbára àtifi ènìyàn ṣẹrú má baà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìjọba àpapọ̀, tí àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá dúró tì, kò sì gbà fún wọn. Ìjà tí ó wáyé ní Gettysburg, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, láti ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ kẹta oṣù Keje ọdún 1863, wà lára èyí tí a kò lè gbàgbé. Nígbà tí ó pé àádọ́ta ọdún, ní 1913, àwọn ogbó jagunjagun tí iye wọn lé ní 50,000, láti ìhà méjèèjì, tún padà sí pápá náà, wọ́n sì gbé nínú ibùdó àgọ́ ńlá tí àwọn ọmọ ogun orílẹ̀-èdè náà pa fún wọn. Àwọn tí ó ti fẹ́ pa ara wọn nígbà èwe wá jùmọ̀ sùn sí abẹ́ kánfáàsì nígbà ogbó.

Ní 1961, tí ogun náà pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó ti bẹ̀rẹ̀, a ṣe ogun àfiṣeré ńlá kan ní Manassas, ní ìpínlẹ̀ Virginia, lórí pápá tí ìjà ńlá àkọ́kọ́ ti wáyé gan-an. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò dùn sí i. Wọ́n ní kò yẹ kí á sọ ibi tí ènìyàn kú sí di ibi ìran wíwò. Lẹ́yìn èyí ni àjọ tí ń tọ́jú àwọn ọgbà ìrántí orílẹ̀-èdè náà kò gba ogun àfiṣeré láàyè mọ́ lórí àwọn pápá tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lé ibùdó lọ. Títí di òní, àwọn òṣèré ìrántí lè gba àyè láti pa àgọ́ sórí irú pápá bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì fi ìgbé ayé ọmọ ogun han àwọn tí ó wá wòran. Èyí yẹ fún àròjinlẹ̀. Yíyin ìbọn ni a kà sí eré; àgọ́ ni a kà sí ẹ̀kọ́.

Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ àwọn òṣèré ìrántí sábà máa ń ti ibi tí kò yẹ bẹ̀rẹ̀. Yóò tọ àwọn aránṣọ àgọ́ lọ, yóò béèrè èyí tí ó tóbi, èyí tí ó rọrùn, èyí tí owó rẹ̀ kò ga. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kò burú, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó jẹ́ bàbá fún wọn: ta ni ó sùn nínú àgọ́ yìí nígbà ogun? Ta ni òṣèré náà fẹ́ ṣojú fún? Ṣé ọ̀gá ológun ni, àbí ọmọ ogun lásán? Ṣé ìhà Àríwá ni, àbí ìhà Gúúsù? Ṣé ìbẹ̀rẹ̀ ogun ni, àbí ìparí rẹ̀? Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí a bá ti mọ eku, ìtẹ́ rẹ̀ kò ní ṣòro láti mọ̀.

Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, àgọ́ kan wà tí a ń fi orúkọ ẹni tí ó ṣe é pè, èyíinì ni Sibley. Ọ̀gá ológun kan, Henry Hopkins Sibley, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1856. Ó fi í jọ àgọ́ awọ àwọn ọmọ onílẹ̀ tí ń gbé ní pápá gbalasa Amẹ́ríkà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí rìbìtì, orí rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó bí òkòtó tí a dojú rẹ̀ dé. Fífẹ̀ rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 18, gíga rẹ̀ sì tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Òpó kan ṣoṣo ni ó ní, orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni òpó náà sì dúró lé. Ọmọ ogun 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ a sùn yí òpó ká, gbogbo wọn a kọ ẹsẹ̀ sí àárín. Àgọ́ dáradára ni, ṣùgbọ́n ó wúwo. Kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ìbaaka ń fà ni ó lè gbé e. Ní 1862, nígbà tí ó ti hàn pé kẹ̀kẹ́ ẹrù kò lè bá ìrìn ọmọ ogun mu, a bẹ̀rẹ̀ sí pa á tì. Sibley fúnra rẹ̀ lọ bá àwọn ará Gúúsù jà. Nítorí bẹ́ẹ̀, dọ́là 5 tí ó yẹ kí ìjọba àpapọ̀ san fún un lórí àgọ́ kọ̀ọ̀kan kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Òṣèré tí ó bá ń ṣe ìrántí ọdún 1864, tí ó wá pa àgọ́ Sibley sí àárín pápá ìjà, ti ṣi ọdún mú.

Àgọ́ kejì dà bí òrùlé ilé tí a gbé ka ilẹ̀ láìní ògiri. Òpó méjì ni, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, pẹ̀lú igi kan tí ó dábùú orí wọn. Gígùn ilẹ̀ inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ, síbẹ̀ ọmọ ogun 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó ń há ara wọn mọ́ inú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà lóru, gbogbo wọn ni yóò jùmọ̀ yí i. Àgọ́ yìí tọ́ fún ibùdó ìbẹ̀rẹ̀ ogun, ó sì tọ́ fún ibi tí àwọn ọmọ ogun ti dúró pẹ́ láti kọ́ ìṣe ogun.

Ẹ̀kẹta ni àgọ́ tí ó gbajúmọ̀ jù láàrin àwọn ọmọ ogun Àríwá láti 1862 títí ogun fi parí. Àgọ́ ìlàjì ni. Ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ni a fún ní aṣọ kan tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 6 níbùú àti lóròó, tí ó ní bọ́tìnnì àti ihò bọ́tìnnì létí. Yóò ká a mọ́ ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ yóò fi bọ́tìnnì so aṣọ méjèèjì pọ̀, wọn yóò gé igi nínú igbó fi ṣe òpó, tàbí kí wọ́n ri ọ̀bẹ ẹnu ìbọn wọn mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì na okùn láti ìdí ìbọn kan sí èkejì. Iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Àwọn ọmọ ogun fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní àgọ́ ajá, wọ́n ní ajá nìkan ni ó lè wọ inú rẹ̀. Òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni tí eji rí ni eji ń pa. Abẹ́ àgọ́ yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ogun ti mọ ìtumọ̀ òwe náà ní èdè tiwọn.

Ẹ̀kẹrin ni àgọ́ ológiri, tí aṣọ rẹ̀ kọ́kọ́ dúró ṣánṣán bí ògiri kí ó tó tẹ̀ sókè bí òrùlé. Ènìyàn lè nàró nínú rẹ̀, ó lè gbé tábìlì, ibùsùn àti àpótí sí i. Àgọ́ àwọn ọ̀gá ni. Èyí tí ó tóbi jù nínú irú rẹ̀ ni ti ilé ìwòsàn. Ó lè gba aláìsàn tó 8. A lè so méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ mọ́ ara wọn kí ó di yàrá gígùn kan.

Ní ti àwọn ọmọ ogun Gúúsù, ọ̀wọ́n aṣọ bá wọn fínra. Bí ogun ti ń gùn sí i, ọ̀pọ̀ wọn sùn sí abẹ́ àgọ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀tá, tàbí abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ta sórí igi, tàbí abẹ́ àtíbàbà ẹ̀ka igi. Nígbà òtútù, ìhà méjèèjì fi gẹdú kọ́ ahéré kéékèèké, wọ́n sì máa ń fi aṣọ àgọ́ ṣe òrùlé rẹ̀. Nítorí náà, àgọ́ tí ó tọ́ jù fún àwọn òṣèré kan ni pé kí wọ́n má ní àgọ́ rárá.

Ibi tí gbọ́nmi-si-omi-ò-to ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Òṣèré ìrántí kì í ṣe ọmọ ọdún 20 tí ìjọba ń pàṣẹ fún. Ó lè jẹ́ olùkọ́ tàbí akọ̀wé ẹni ọdún 50, tí ẹ̀yìn ń dùn, tí ó mú ìyàwó àti ọmọ méjì lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò yọ síta lábẹ́ àgọ́ ajá. Kí ni yóò ṣe? Yóò ra àgọ́ ológiri. Ẹnì kejì rẹ̀ yóò wò ó, òun náà yóò ra tirẹ̀. Kí a tó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, ibùdó àwọn ọmọ ogun lásán ti di ìlú àwọn ọ̀gá: àgọ́ funfun gàgàrà ní ìhín, àgọ́ funfun gàgàrà ní ọ̀hún, àga àti tábìlì níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ iléèwé tí ó bá wá wòran yóò lọ sí ilé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ogun dùn, pé ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó la ẹnu purọ́ fún un. Àgọ́ ni ó purọ́. Àwọn òṣèré tí wọ́n fi ọwọ́ líle mú òtítọ́ ní ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn kan fún ohun tí kò bá ìtàn mu báyìí: wọ́n ń pè é ní "farb."

Síbẹ̀, kò yẹ kí á dá ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn lẹ́bi tán. Ọ̀nà àbáyọ wà. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti pín ibùdó sí méjì: ibùdó àwọn ọmọ ogun, tí a tò ní ìlà bí òpópónà gẹ́gẹ́ bí ìlànà ayé ìgbà náà, àti ibùdó àwọn ará ìlú, níbi tí ìdílé lè pa àgọ́ tí ó gbà wọ́n sí. Ẹlòmíràn a yan ipò tí ó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu: yóò ṣe dókítà ibùdó, tàbí àlùfáà, tàbí akọ̀wé ọ̀gá. Bí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, àgọ́ ológiri di òtítọ́ lórí rẹ̀. Ohun tí a ń wí ni pé kí ipò yan àgọ́. Kí àgọ́ má yan ipò.

Lẹ́yìn tí a bá ti mọ irú àgọ́ tí ó tọ́, ọ̀rọ̀ kan aṣọ. Orúkọ tí aṣọ yìí ń jẹ́ gan-an ní ìtàn nínú. Láti inú orúkọ Látìn fún ewéko tí àwa mọ̀ sí igbó ni ọ̀rọ̀ náà, kánfáàsì, ti wá, nítorí pé okùn ara igi rẹ̀ ni wọ́n fi ń hun aṣọ ìgbòkun ọkọ̀ láyé àtijọ́. Wọ́n tún máa ń fi ọ̀gbọ̀ hun ún. Nígbà Ogun Abẹ́lé, òwú ti gba ipò púpọ̀ lọ́wọ́ wọn. Òwú náà sì ni ó yẹ kí á wá lónìí. Kánfáàsì tí a fi òwú àti ọ̀rá ike pọ̀ hun wà lọ́jà, ó fúyẹ́, kì í sì tètè bu, ṣùgbọ́n dídán ojú rẹ̀ nínú oòrùn àti bí ó ti ń ró nínú afẹ́fẹ́ yóò tú u fó lójú ẹni tí ó mọ̀.

Ìwọ̀n ni wọ́n fi ń ta kánfáàsì. A ń sọ iye áúnsì tí ọ̀pá kan níbùú àti lóròó wọ̀n. Èyí tí ó wọ́pọ̀ fún àgọ́ ni áúnsì 10 àti áúnsì 12. Áúnsì 12 lágbára, ó sì lè fara da ìjì, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò máa gbé e sọ́kọ̀ tí yóò sì máa gbé e sọ̀ ní láti ronú nípa èjìká ara rẹ̀. Áúnsì 10 tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kì í lò ó ju ìgbà díẹ̀ lọ láàrin ọdún. Kí olùrà gbé aṣọ náà sókè kọjú sí oòrùn: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ jàáńjàáń láàárín òwú rẹ̀, kò kì tó. Kí ó wo ojú ìrán bóyá a ká a po kí á tó rán an ní ẹ̀ẹ̀mejì. Kí ó wo igun tí okùn ti ń fà á, bóyá a fi aṣọ lé aṣọ níbẹ̀. Kí ó sì wo ihò okùn: oníṣẹ́ tí ó mọ ìtàn a máa fi òwú rán etí ihò yí ká, dípò òrùka idẹ dídán tí ó pọ̀ lára àgọ́ òde òní.

Ọ̀nà tí òwú ń gbà lé omi padà jẹ́ ìyanu díẹ̀. Kì í ṣe pé omi kò lè wọ̀ ọ́. Omi ń wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí òwú bá ti mu omi, a wú, àlàfo tí ó wà láàárín òwú kan àti òmíràn a sì dí. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa àgọ́ tuntun, kí á da omi sí i títí yóò fi rin gbingbin, kí á jẹ́ kí ó gbẹ, kí á sì tún un ṣe, kí á tó gbé e lọ sí ibùdó. Ihò abẹ́rẹ́ tí ó wà lójú ìrán yóò dí nígbà náà. Aṣọ tí a kò fi oògùn kankan ra lára a máa sún kì bí omi bá kàn án. Nítorí náà, ẹni tí yóò gé òpó fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọn igi kí ó tó wẹ àgọ́. Ìdí yìí kan náà ni a fi ń kìlọ̀ fún ọmọdé pé kí ó má fi ìka tàbí ẹrù kan inú àgọ́ nígbà òjò: ibi tí a bá fi ọwọ́ kàn ni omi yóò ti máa kán wọlé.

Okùn náà ní ìwà tirẹ̀. Okùn òwú tàbí ti ewéko a máa kúrú bí ó bá tutù, a sì máa fà le. Ẹni tí ó bá sùn lọ láìdẹ okùn rẹ̀ nígbà tí òjò ń bọ̀ lè jí bá èèkàn rẹ̀ tí ó ti fà tu, tàbí kí ó bá aṣọ tí ó ti ya. Okùn náílọ́ọ̀nù kò ní irú ìwà yìí, ṣùgbọ́n kò sí náílọ́ọ̀nù ní 1863. Òpó pẹ̀lú kì í ṣe ohun kékeré. Igi ìdábùú tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í wọ inú ọkọ̀ kékeré. Orí ọkọ̀ ni a ó dì í mọ́, tàbí kí á gé e sí méjì, kí á sì fi páìpù irin so ó pọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ra àgọ́ tán kí wọ́n tó rántí pé àwọn kò ní ọkọ̀ tí yóò gbé òpó rẹ̀.

Bí ibùdó bá tú, iṣẹ́ kò tíì tán. Àgọ́ tí a ká ní tútù, tí a sì jù sí kọ̀rọ̀ yàrá fún ọjọ́ díẹ̀, yóò bu, yóò máa rùn, àmì dúdú rẹ̀ kò sì ní kúrò mọ́. Bí òjò bá lé ènìyàn kúrò ní pápá ní ọjọ́ Àìkú, ó gbọ́dọ̀ tún àgọ́ náà ta sí àgbàlá ilé rẹ̀ kí ó gbẹ gbẹrẹfu. Ẹni tí kò bá ní ibi tí ó lè sá àgọ́ ńlá sí, kí ó ra kékeré.

Ibì kan wà tí òtítọ́ ìtàn gbọ́dọ̀ ti yàgò fún ẹ̀mí ènìyàn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ iná. Àwọn ọmọ ogun ayé ìgbà náà ń tan àbẹ́là nínú àgọ́, wọ́n sì ń dáná nínú àgọ́ Sibley. Òwú gbígbẹ kì í fi àkókò ṣòfò bí iná bá ràn án. Èédú tí ń jó nínú àgọ́ tí a tì pa a máa mú afẹ́fẹ́ olóró jáde, tí kò ní òórùn, tí kò sì ní àwọ̀, tí ó lè pa ènìyàn sójú oorun. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, àti àwọn olùtọ́jú pápá kan, máa ń béèrè pé kí a fi oògùn tí ń dènà iná ra aṣọ àgọ́ kí a tó gbà á láàyè. Oògùn yìí a máa dá kún ìwúwo aṣọ, kò sì sí lára àgọ́ ayé àtijọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò bá a jà. Korobá omi lẹ́nu ọ̀nà bá ìtàn mu, ó sì bá ọgbọ́n mu. Òtítọ́ tí a ń wá ni òtítọ́ nípa bí àwọn ènìyàn ti gbé ayé. Kì í ṣe dandan kí á kú irú ikú wọn.

Ó kù síbi kan. Ní ọdún 1863 ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Nicholas Said wọ iṣẹ́ ogun Àríwá. Ọmọ ilẹ̀ Bọ̀nú ni, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà òde òní. Wọ́n jí i gbé ní èwe, wọ́n tà á lẹ́rú la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Ó dé ilẹ̀ Tọ́kì, ó dé ilẹ̀ Rọ́ṣíà, kí ó tó di òmìnira tí ó sì dé Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti ṣe olùkọ́. Ẹgbẹ́ Ogun 55 ti Massachusetts ni ó wọ̀, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ó di sájẹ́ǹtì. Lẹ́yìn náà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ béèrè pé kí a gbé òun lọ sí ẹ̀ka ìwòsàn kí òun lè mọ̀ nípa ìṣègùn. Ẹgbẹ́ rẹ̀ pa ibùdó sí erékùṣù oníyanrìn kan ní etíkun South Carolina. Ìjọba fẹ́ san owó tí ó kéré sí ti aláwọ̀ funfun fún wọn. Wọ́n kọ̀ ọ́, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ogun lọ láìgba owó, títí ìjọba fi gbà ní 1864 láti san iye kan náà. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó jagun fún Àríwá tó nǹkan bí 179,000. Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé sá kúrò ní oko ẹrú wá sí ẹ̀yìn àwọn ọmọ ogun Àríwá; àgọ́ àlòkù àwọn ọmọ ogun ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ fi ṣe ilé nínú òmìnira.

Fún ìgbà pípẹ́, ẹni tí ó bá lọ sí ibi eré ìrántí kò lè mọ̀ pé irú àwọn ènìyàn báyìí wà rárá. Lẹ́yìn tí fíìmù "Glory," tí ó sọ ìtàn Ẹgbẹ́ Ogun 54 ti Massachusetts, jáde ní 1989, ni àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń ṣe eré ìrántí túbọ̀ pọ̀ sí i. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá ta àgọ́ ìlàjì rẹ̀, tí ó sì sùn sí i, ohun tí ó ń wí ni pé: èmi náà wà níbẹ̀, báyìí ni mo ṣe sùn, èyí ni a fún mi. Bí ó bá pa àgọ́ ọ̀gá, yóò ti ran àwọn tí ó fẹ́ kí á gbàgbé ìyà náà lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ìbéèrè wa àkọ́kọ́ fi ṣe pàtàkì: ta ni ó sùn nínú àgọ́ yìí?

Ìmọ̀ràn fún ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ kò gùn. Kí ó má rà ní ọdún àkọ́kọ́. Kí ó yá, tàbí kí ó bá ẹlòmíràn sùn. Kí ó wo àwòrán tí àwọn ayàwòrán bíi Mathew Brady àti Alexander Gardner yà nígbà ogun náà, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí bí a ti ta àgọ́. Kí ó yan ènìyàn tí yóò ṣojú fún, kí ó yan ọdún, kí ó yan ibi. Lẹ́yìn èyí ni kí ó wọn ọkọ̀ rẹ̀, kí ó wọn àgbàlá rẹ̀, kí ó wọn àpò rẹ̀. Bí ó bá wá ṣí àpò rẹ̀, kí ó ra ojúlówó kékeré dípò ayédèrú ńlá.

Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wa lè rí ẹ̀kọ́ mú níbẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ ní fi ojú kan Gettysburg láéláé. Bí ọmọ iléèwé bá fẹ́ ṣe eré Ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí àdéhùn àlàáfíà ọdún 1886 sì pẹ̀tù sí, kánfáàsì funfun kọ́ ni kí wọ́n lọ yá. Àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ àti ahéré koríko ni jagunjagun Yorùbá máa ń pa sí ibùdó. Bí ogun bá sì pẹ́, a di ilé alámọ̀, ìyàwó àti ọmọ a wà níbẹ̀, oko a sì yí i ká. Ọmọ tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé imọ̀ ọ̀pẹ, tí ó fi bo àtíbàbà, tí òjò sì pa á díẹ̀ nínú rẹ̀, yóò béèrè ohun tí kò ní béèrè nínú ìwé: ta ni ó pọn omi? Ta ni ó se oúnjẹ? Kí ni ó dé tí wọn kò lọ sí ilé fún ọdún púpọ̀ bẹ́ẹ̀? Ibi tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ bá ti jáde, ìtàn ti kúrò ní eré, ó ti di ẹ̀kọ́.